Ọgbà Tó Rúwé: Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Èmi àti Màámi Nínú Aṣálẹ̀ Arizona

Ọjọ́ kìíní, Àbámẹ́ta. Houston sí El Paso

Aago mẹ́rin ìdájí la kúrò nílé. Màámi ti wà nínú mọ́tò láti aago mẹ́ta ààbọ̀, wọ́n wé gèlè, wọ́n gbé báàgì wọn lé itan bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọkọ̀ ọjà fi òun sílẹ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, bíi ogójì nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ta ewé àti egbò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ fi ìsinmi ilé-ìwé lọ wo aṣálẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ewé wà níbẹ̀?" Mo ní ó wà. "Ó dáa. Mò ń bá ọ lọ."

Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Ọdọọdún ni mo máa ń ya cactus, ewéko ẹlẹ́gùn-ún inú aṣálẹ̀, sójú pátákó tí màá sọ fún wọn pé "omi ló ń tọ́jú sára," bẹ́ẹ̀ n kò tíì fojú ara mi rí èyí tó ga ju orúnkún mi lọ. Ojú ń tì mí díẹ̀.

Ọ̀nà kan náà ni, I-10, láti Houston ní Texas títí dé Tucson ní Arizona, ó sì lé ní 1,000 máìlì. Títí a fi kọjá San Antonio, gbogbo rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Lẹ́yìn Junction ni igi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ká tó dé Fort Stockton, ó ku igbó ṣúúrú-ṣúúrú, ìdì kan níhìn-ín, ìdì kan lọ́hùn-ún, àyè àárín wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Màámi ló kọ́kọ́ rí i. "Oko ta nìyí? Ẹni tó gbìn ín mọ iṣẹ́."

Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Creosote lorúkọ rẹ̀. A yà síbi ìsinmi kan lẹ́bàá ọ̀nà, mo já ewé kan fún wọn. Kò ju èékánná ọmọdé lọ, ó ń dán, ó sì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Wọ́n rá a, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n dijú.

"Ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ló ń run yìí."

N kò tíì sọ nǹkan kan fún wọn o. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ náà ń sọ gan-an nìyẹn: bí òjò bá ti kan ewé creosote, gbogbo ìlú ló ń gbọ́ òórùn rẹ̀, òun ni wọ́n sì ń pè ní òórùn òjò. Oje tó bo ewé náà ló ń run bẹ́ẹ̀. Ó dí ojú ewé kí omi inú rẹ̀ má baà fò lọ, ó sì korò débi pé ẹran kò fẹ́ jẹ ẹ́. Gbòǹgbò ìdì kọ̀ọ̀kan sì ń fa omi àyíká rẹ̀ tán, èyí ni kì í jẹ́ kí ọmọdé igi rọrùn láti hù sí tòsí. Ẹ̀mí rẹ̀ gùn kọjá àfẹnusọ. Bí àárín ìdì kan bá kú, etí rẹ̀ á máa rú èéhù lọ síta títí yóò fi di òrùka. Ọ̀kan wà ní aṣálẹ̀ Mojave ní California tí wọ́n ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ sí bí 11,700 ọdún.

Màámi fẹ́ já díẹ̀ sí báàgì láti sè é mu. Mo ní rárá. Lóòótọ́ ni àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ yìí ti ń fi í ṣe oògùn tipẹ́, ṣùgbọ́n ìjọba Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé mímu rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ni kó máa kọ́ mi léwé." A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún bí ọgọ́ta máìlì.

Ọjọ́ kejì, Àìkú. El Paso sí Tucson

Ìjà ti parí. Ọjà ló parí rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n kó àwọn nǹkan gbígbẹ kan jọ sínú agbọ̀n, ó ká jọ bí ìkúùkù, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ilẹ̀. Doradilla ni àwọn ará Mẹ́síkò ń pè é, àgbo ni wọ́n sì ń fi í sè. Màámi dúnàádúrà pẹ̀lú obìnrin tó ń tà á. Èdè Sípáníìṣì kan kò sí lẹ́nu Màámi, Yorùbá kan kò sí lẹ́nu obìnrin náà, síbẹ̀ owó rẹ̀ wálẹ̀.

Nígbà tí a dé Tucson lálẹ́, a gbé e sínú abọ́ omi. A lọ jẹun, a wẹ̀, a padà dé, ìkúùkù ti ń tú. Ká tó sùn, ó ti tẹ́ bẹẹrẹ bí àtẹ́lẹwọ́, àwọ̀ ewé tútù ti ń yọ lójú rẹ̀. Eléyìí kì í tọ́jú omi rárá. Ṣe ló ń jẹ́ kí òun gbẹ tán, á ká ara rẹ̀ jọ, ṣúgà tó kó sínú ara ni kì í jẹ́ kí inú rẹ̀ bàjẹ́ bó ti ń gbẹ. Ọdún lè gorí ọdún kó máa wò bí òkú. Kì í tanná, kì í so. Ìdílé ewéko àtijọ́ kan ló ti wá, tó ti wà kí òdòdó kankan tó dáyé. Màámi kò wò ó bí ohun ìyanu, ojú ọjà ni wọ́n fi wò ó. "Èyí á tà ní Ọjà Ọba. Bí èèyàn bá ti rí i tó jí báyìí, iye tí o bá pè é náà ni."

Ilé kékeré kan la háyà fún ọ̀sẹ̀ náà. Ọgbà tó yí i ká ni igi gbọọrọ-gbọọrọ tí wọ́n fi wáyà so pọ̀, ó gbẹ, ó funfun ráúráú, ẹ̀gún ni látòkè délẹ̀. Màámi fi ẹsẹ̀ kan ìdí rẹ̀. "Ta ní ń fi òkú igi ṣọgbà? Ikán á jẹ ẹ́ tán." Mo ní ocotillo ni, kò kú. Wọ́n ní kí n lọ sùn, pé ó ti rẹ̀ mí.

Ọjọ́ kẹta, Ajé. Láàárín àwọn saguaro

Aago márùn-ún a ti wà lójú ọ̀nà. Oṣù Keje nìyí, bó bá fi máa di aago mẹ́wàá òòrùn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé èèyàn wọlé. Apá ìwọ̀-oòrùn Saguaro National Park la lọ. Ọdún 1933 ni wọ́n kọ́kọ́ ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún saguaro, cactus tó ga bí igi, apá ibi tí a wà yìí wá kún un lẹ́yìn náà. Ẹ pè é ní "sàwáró," g inú rẹ̀ kì í dún.

Bí ilẹ̀ ti ń mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí òkè, ọ̀kan, mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún, wọ́n dúró ṣánṣán, àwọn kan gbé apá sókè. Màámi kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wí pẹ̀lẹ́ pé, "Wọ́n ń wò wá." Àwọn Tohono O'odham, tí wọ́n ni ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé, èèyàn ni wọ́n ka saguaro sí. N kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún Màámi, torí n kò fẹ́ kí wọ́n máa kí igi káàárọ̀ níwájú àwọn àlejò mìíràn. Mo sọ fún wọn. Wọ́n sì kí wọn.

Mo mú wọn súnmọ́ ọ̀kan. Ara rẹ̀ kò tẹ́jú, ó ṣẹ́ po láti ìdí dé orí bí awọ ewìrì alágbẹ̀dẹ. Ohun tó sì wà fún náà nìyẹn: bí òjò bá rọ̀ tó mu yó, ìṣẹ́po náà á là, ara á kún, bí ọ̀dá bá dé, á tún rún padà, kò ní ya. Bí kò bá sí ìṣẹ́po yìí, ìgbà àkọ́kọ́ tó bá mumi ni yóò bẹ́. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni igi wà, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò yíká bí egungun ìhà. Ẹ̀gún rẹ̀ kì í ṣe fún ìjà nìkan. Ìbòòji ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣíji bo ìwọ̀nba ara díẹ̀.

Gbòǹgbò rẹ̀ ló ya Màámi lẹ́nu jù. Igi tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, tó sì wúwo ju mọ́tò wa lọ, gbòǹgbò kan ló rì wálẹ̀ díẹ̀, ìyókù kò jìn púpọ̀ sínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tẹ́ lọ síta yíká, jìnnà tó bí igi náà ti ga. Òjò aṣálẹ̀ kì í pẹ́ rọ̀, kì í sì í wọlẹ̀ jìnnà. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga dè é, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí. Saguaro tẹ́ ẹní sílẹ̀ ni.

Igi mesquite tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀ o. Kànga lòun ń gbẹ́ ní tirẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà lẹ́bàá Tucson, wọ́n bá gbòǹgbò mesquite ní bíi mítà 50 nínú ilẹ̀. Kò sí nínú oko baba mi igi tó ga tó ìdajì ìyẹn.

Mo wá saguaro kékeré títí mo fi rí ọ̀kan lábẹ́ igi palo verde. Kò ju àtàǹpàkò lọ. Mo ní, "Mà, ẹ wo èyí, ó lè ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ọdún mẹ́wàá! Kí ló ń jẹ?" Bí wọ́n ti ń lọ́ra dàgbà nìyẹn. Ó di bí ọmọ ọdún 35 kó tó tanná, ó lè pé 50 sí 75 kó tó yọ apá àkọ́kọ́, bó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ewu, ó lè lò tó 150 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tó yè, abẹ́ igi mìíràn ni púpọ̀ nínú wọn ti yè é. Palo verde ló ṣíji bò ó lọ́sàn-án, òun ló gbà á lọ́wọ́ òtútù lóru, òun ló fi í pamọ́ fún eku àti ẹyẹ. Ìgbà tí saguaro bá wá dàgbà tán, gbòǹgbò rẹ̀ á gba omi lọ́wọ́ alágbàtọ́, palo verde a sì máa ti ibẹ̀ kú. Màámi mi orí. "Mo mọ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀."

Palo verde fúnra rẹ̀, èèpo ara rẹ̀ ló fi ń ṣe ohun tí ewé ń ṣe. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, á gbọn ewé dànù, ẹ̀ka àti ara igi tó tutù yọ̀yọ̀ á máa báṣẹ́ lọ. Màámi ti fẹ́ fi èékánná họ ọ́ wò. Mo rán wọn létí pé òfin kò gbà á nínú ọgbà ìjọba. "Òfin kí èèyàn má họ igi," ni wọ́n wí, bí ẹni tí wọ́n bú.

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi bi mí léèrè ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti múra dè: "Ṣebí ọrọ́ nìwọ̀nyí? Àwa náà ní ọrọ́." Ọrọ́ tiwa jọ wọ́n lóòótọ́, ó ń dúró ṣánṣán, ó lẹ́gùn-ún, kò lẹ́wé púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìyekan. Bí ẹ bá ṣá ọrọ́, wàrà funfun á da jáde, èyí tó lè fọ́ni lójú. Saguaro kò ní wàrà bẹ́ẹ̀. Ìlẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìdílé cactus ti ṣẹ̀, ọrọ́ sì jẹ́ ẹbí lápálápá. Àìlómi kan náà ló gbẹ́ àwọn méjèèjì bí agbẹ́gilére méjì tí wọn kò mọ ara wọn rí. Màámi ronú sí i. "Lápálápá! Lóòótọ́, òun náà ní oje."

Bí wọ́n ti ń yí padà báyìí ni ìró wọn kan cholla. Ẹ̀yà cactus kan ni tí wọ́n ń purọ́ mọ́ pé ó ń fò mọ́ èèyàn. Kì í fò. Oríkèé rẹ̀ ni kò dì mọ́ra. Bí ohunkóhun bá ti fara kàn án, ọ̀kan á já, á tẹ̀ lé e lọ, ibi tó bá sì bọ́ sí ló ń ta gbòǹgbò. Ẹ̀ẹ̀mọ́ àti dágunró, bí wọ́n bá bímọ pọ̀, irú ọmọ tí wọn ì bá bí nìyẹn. Mo fẹ́ fọwọ́ yọ ọ́, Màámi gbá ọwọ́ mi dànù, wọ́n yọ òòyà nínú báàgì, wọ́n ti eyín rẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀gún náà, wọ́n fà á yọ lẹ́ẹ̀kan. Òòyà náà gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ń júwe fún àlejò. Ta ló sọ fún wọn? "Ogójì ọdún nínú igbó," ni wọ́n wí.

Lọ́sàn-án a sá lọ sí Arizona-Sonora Desert Museum. Ohun tí mo fẹ́ rántí níbẹ̀ kò ju méjì lọ. Ọ̀kan ni ọ̀pá gígùn tí àwọn O'odham fi ń ká èso saguaro ní oṣù Kẹfà, "egungun ìhà" saguaro tó ti kú ni wọ́n fi ṣe é. Èso náà ni wọ́n fi ń pọn ọtí tí wọ́n máa ń mu láti fi pe òjò. Èkejì ni agbè kan. Ẹyẹ àkókó ló gbẹ́ ihò sára saguaro, igi sì sé ojú ọgbẹ́ náà le bí èèpo àgbọn kí omi má baà jò. Ìgbà tí igi kú tó jẹrà tán, ihò náà nìkan ló kù, odindi, bí ìkòkò. Àwọn O'odham a máa kó nǹkan sí i. Màámi yí i po lójú tìtì. "Ẹyẹ ló mọ igbá yìí."

Ọjọ́ kẹrin, Ìṣẹ́gun. Òjò

Dígírì 41 ni lọ́sàn-án. A kò jáde. Nígbà tó fi di aago mẹ́rin, ìhà gúúsù ti ṣú dùdù, afẹ́fẹ́ gbé eruku dìde tí a kò fi rí òpin àdúgbò mọ́. Mànàmáná kọ, àrá sán lẹ́ẹ̀kan tí fèrèsé fi gbọ̀n. Màámi ti jẹ́ ará ìjọ Onítẹ̀bọmi láti kékeré, ṣùgbọ́n "Kábíyèsí!" ló bọ́ lẹ́nu wọn.

Òjò náà kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ó lágbára bí òjò àárín oṣù Kẹsàn-án nílé. Odò gbígbẹ tó wà ní ìpẹ̀kun òpópónà, tí a ti fẹsẹ̀ gbà kọjá láàárọ̀, ń ru gùdù, ó ń gbé ẹ̀ka igi. Láti 1995 ni òfin kan ti wà ní Arizona tó ní ẹni tó bá wakọ̀ gba ibi tí wọ́n ti dínà nítorí àgbàrá, òun ni yóò sanwó àwọn tó bá wá yọ ọ́. Ó yẹ kí wọ́n yá Èkó ní irú òfin yẹn.

Nígbà tó dá, a jáde. Òórùn creosote bo gbogbo ìlú, láìsí pé ọ̀kan wà nítòsí wa. Màámi dúró nínú ọgbà, wọ́n fà á sínú. Ní ọdún kan, Tucson kì í rí ju nǹkan bí mìlímítà 300 òjò lọ, ó sì pín in sí méjì: òjò pẹ̀lẹ́ ìgbà òtútù àti òjò abàrá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ògbómọ̀ṣọ́ ń rí ju ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn.

Mo wo ọgbà ocotillo náà. Ó tutù, ó sì gbẹ síbẹ̀. Màámi náà wò ó, wọn kò sọ nǹkan kan, ìyẹn sì burú ju kí wọ́n sọ̀rọ̀ lọ.

Ọjọ́ karùn-ún, Ọjọ́rú. Orí òkè Tumamoc

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni, òkùnkùn ṣì wà, ṣùgbọ́n àwọn ará Tucson ti ń gun òkè náà lọ tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀dà wà lójú ọ̀nà. Màámi ń sinmi níbi gbogbo tí àga bá wà, mo sì ń dúpẹ́, torí èmi gan-an ni mo nílò rẹ̀.

Ní ìdajì òkè ni ilé olókùúta àwọn onímọ̀ wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1903 láti kọ́ nípa ewéko aṣálẹ̀ nìkan. Níbẹ̀ ni obìnrin kan, Effie Spalding, ti ń wọn ìṣẹ́po saguaro kí òjò tó rọ̀ àti lẹ́yìn tó bá rọ̀. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1905. Láti 1908 ni wọ́n ti ń ka saguaro orí òkè náà. Ìyẹn ni pé àwọn tó kọ́kọ́ kà wọ́n ti kú tán, àwọn kan nínú igi tí wọ́n kà lè ṣì wà lórí ìdúró. Wọ́n sì ti ń ka àwọn ewéko wẹ́wẹ́ ọlọ́dún kan níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1980. Àwọn wọ̀nyẹn kò ní ẹ̀gún, kò ní àpò omi. Inú kóró ni wọ́n ń gbé. Bí òjò bá tilẹ̀ dára, gbogbo kóró kọ́ ló ń hù, apá kan á fi ara mọ́ ilẹ̀ de ọdún mìíràn. Màámi kò rí ìyanu kankan nínú rẹ̀: "Àgbẹ̀ wo ló ń gbin gbogbo irúgbìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?"

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ohun tí mo ti ń gbèrò láti sọ fún wọn láti Houston. Ewé gbogbo ní ihò wínníwínní tó fi ń mí. Bó bá ṣí i lọ́sàn-án láti gba afẹ́fẹ́ tó fi ń se oúnjẹ, omi inú rẹ̀ á máa gba ibẹ̀ jáde. Nínú ooru ibí, ikú nìyẹn. Nítorí náà ni cactus ṣe ń pa ẹnu dé láti àárọ̀ títí alẹ́. Òru ni ó ń ná ọjà. Bí ilẹ̀ bá ti tutù, á ya ẹnu, á gba afẹ́fẹ́ náà, á fi í pa mọ́ sínú ara bí omi kíkan. Bí òòrùn bá yọ, á ti ìlẹ̀kùn, á wá máa fi ìmọ́lẹ̀ se ohun tó ti rà lóru. Ìdí nìyí tí òru gbígbóná fi ń pa á ju ọ̀sán gbígbóná lọ. Ní 2023, ní Phoenix, ọjọ́ 31 léra wọn ni ooru fi dé dígírì 43 tàbí jù bẹ́ẹ̀, òru náà kò sì tutù. Saguaro bẹ̀rẹ̀ sí í já apá, àwọn kan ṣubú lulẹ̀.

Mo wá ní, "Mà, ẹ mọ ewéko kan tí wọ́n ti ṣàkíyèsí nǹkan yìí lára rẹ̀ tipẹ́tipẹ́? Àbámọdá ni."

Wọ́n dúró. "Àbámọdá wa?"

Òun náà ni. Onímọ̀ ewéko kan, Benjamin Heyne, ló ń gbé ní Íńdíà, ó ní bí òun bá jẹ ewé rẹ̀ láàárọ̀ ó máa ń kan, bó bá di ọ̀sán kò ní ládùn, kò ní kíkan. Wọ́n tẹ lẹ́tà rẹ̀ jáde ní 1815. Ìdílé àbámọdá àti ọ̀dúndún yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ fi sọ orúkọ ọgbọ́n náà. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà ń ṣe é.

"Gbogbo ọdún tí mo fi tà á," Màámi ní, "ìdodo ọmọ tuntun la ń fún omi rẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó ní ká jẹ ẹ́." Wọ́n jókòó sórí òkúta. "Òru ló ń ná ọjà. Abájọ tí ọ̀dúndún fi máa ń tutù."

N kò jiyàn. Àlàyé tí mo ń ṣe ní kíláàsì kò dára tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, a rí àwọn kan tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì hú koríko kan. Buffelgrass ni. Áfíríkà wà lára ibi tó ti wá. Wọ́n gbìn ín ní ọ̀rúndún tó kọjá fún ìjẹ màlúù. Ó ń dí àyè tó wà láàárín ewéko kan sí èkejì, bí iná bá ràn mọ́ ọn, á jó, á tún hù. Saguaro kò mọ iná rí, kò ní hù mọ́. Màámi ń wò ó bí ẹni tí wọ́n bá ìbátan rẹ̀ níbi olè jíjà. "Kí ló wá ṣe níbí?"

Ọjọ́ kẹfà, Ọjọ́bọ̀

Òkè Lemmon. Láàárín wákàtí kan a ti kúrò láàárín saguaro dé igbó igi páìnì, Màámi sì ń béèrè súẹ́tà. Saguaro kò gòkè dé ibẹ̀, torí òtútù ló ń pa á. Àìsí òjò kọ́. A jẹ pie, a sọ̀ kalẹ̀. Ní ìdí ọgbà, bí a ti wọlé, mo rí àwọn kókó pupa-pupa kéékèèké níbi tí ẹ̀gún ti yọ. Mo pa ẹnu mọ́.

Ọjọ́ keje, Ẹtì. Ọgbà

Igbe Màámi ló jí mi. "Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ o! Wá wo òkú igi!"

Gbogbo ọ̀pá náà ti rúwé. Ewé roboto, tútù minijọ, kò ju etí eku lọ, láti ìdí dé orí, lára igi tí wọ́n gé, tí wọ́n fi wáyà dè mọ́ra. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn òjò. Bí ilẹ̀ bá tún gbẹ, ewé náà á rẹ̀ dànù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí òjò mìíràn bá dé, á tún rú. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún kan. Kò náwó sórí ewé tí kò ní òjò tí yóò fi bọ́ ọ.

Màámi fi ọwọ́ lé ewé kọ̀ọ̀kan láàárín ẹ̀gún, wọn kò já ọ̀kan. Wọ́n ní ìyeyè nílé ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá fi í ṣọgbà yóò hù, ṣùgbọ́n ìyeyè kì í ṣe bí ẹni pé òun ti kú ná. Wọ́n lo gbogbo òwúrọ̀ níbẹ̀. Ibi tí a fẹ́ lọ lọ́jọ́ náà, a kò lọ mọ́.

Ọjọ́ kẹjọ àti ìkẹsàn-án. Ilé

Ọ̀nà kan náà, creosote kan náà. Doradilla ti gbẹ, ó ti tún di ìkúùkù nínú ọ̀rá lórí itan Màámi. Wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń lọ. Aago mọ́kànlá alẹ́ Àìkú la dé Houston.

Mo ní ìkòkò àbámọdá kan ní ẹ̀yìnkùlé. Láàárọ̀ Ajé, kí òòrùn tó yọ, mo bá Màámi níbẹ̀ pẹ̀lú ìró àná. Wọ́n já etí ewé kan, wọ́n fi eyín iwájú gé e, wọ́n tutọ́ rẹ̀ dànù, ojú wọn sì rún pọ̀ bí ẹni tó fi ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu.

"Ó kan!"

Wọ́n so òwú pupa mọ́ ìdí ewé tí wọ́n gé náà kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n sì ní kí n jí àwọn bí wọ́n bá sùn lọ, aago mẹ́ta ọ̀sán.